Akẹ́kọ̀ọ́ Nínú Ilé Àjèjì: Àlàyé Lórí Ìrìn-àjò Ìsinmi sí Òkè-Òkun

Ní ọdọọdún, nígbà tí àwọn ilé-ẹ̀kọ́ Yúróòpù àti ti Amẹ́ríkà bá wọ ìsinmi gígùn láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kẹjọ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀dọ́ ni ń gbéra láti ilẹ̀ kan lọ sí òmíràn. Àwọn kan ń lọ wo ìran lásán. Wọn a sùn ní òtẹ́ẹ̀lì, wọn a ya àwòrán, wọn a sì padà sílé. Ṣùgbọ́n àwọn mìíràn wà tí ìrìn-àjò tiwọn yàtọ̀. Àwọn wọ̀nyí ń lọ gbé nínú ilé ìdílé kan fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan. Wọn a bá wọn jẹ, wọn a bá wọn ṣiṣẹ́, wọn a sì tẹ̀lé òfin ilé náà bí ọmọ tí a bí síbẹ̀. Irú ìrìn-àjò kejì yìí ni a fẹ́ ṣàlàyé fún ẹ̀yin òǹkàwé wa ní Ìjerò, ní Àrámọkọ, ní Ẹ̀fọ̀n-Aláàyè, àti ní gbogbo ìletò tí ó yí wọn ká.

Ọ̀nà méjì ni ọ̀rọ̀ yìí fi lè kan ilé ẹnikẹ́ni nínú wa. Èkíní, òbí kan lè gbọ́ lọ́jọ́ kan pé a ti yan ọmọ òun láti bá ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí òkè-òkun. Èkejì, a lè bẹ ìdílé kan pé kí wọ́n gba akẹ́kọ̀ọ́ àjèjì sílé. Nínú méjèèjì, ẹni tí kò mọ bí ètò náà ti rí lè ṣi ẹsẹ̀ gbé, àwọn aláìṣòótọ́ sì lè fi orúkọ ohun rere tàn án jẹ.

BÍ ÈTÒ NÁÀ TI BẸ̀RẸ̀

Ní ọdún 1932, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Donald Watt kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin ilẹ̀ rẹ̀ lọ sí Yúróòpù. Ó kó wọn pọ̀ mọ́ àwọn ẹgbẹ́ wọn tí wọ́n jẹ́ ará Faransé àti Jámánì ní àgọ́ kan ní ilẹ̀ Switzerland. Ogun àgbáyé kìíní kò tíì pẹ́ tí ó parí nígbà náà, èrò Watt sì ni pé bí àwọn ọmọ tí baba wọn ti bá ara wọn jà bá gbé pọ̀, wọn yóò mọ ara wọn.

Ṣùgbọ́n àgọ́ kì í ṣe ilé. Ẹni tí ó wà ní àgọ́ pẹ̀lú àwọn ará ìlú rẹ̀ lè máa sọ èdè tirẹ̀ láti òwúrọ̀ di alẹ́, kí ó sì padà sílé bí ó ti lọ. Nítorí náà, ní ọdún tí ó tẹ̀lé e, a yí ètò náà padà: a pín àwọn ọmọ náà sí inú ilé àwọn ìdílé. Ìlànà yìí ni ẹgbẹ́ tí Watt dá sílẹ̀, tí a ń pè ní The Experiment in International Living, tẹ̀lé fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nǹkan bí ọmọ mẹ́wàá a wà nínú ẹgbẹ́ kan pẹ̀lú olórí wọn. A ó pín wọn sí ìdílé ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ nínú ìlú kan náà. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, gbogbo wọn yóò tún pàdé, wọn yóò sì jùmọ̀ rin ìrìn-àjò yí ilẹ̀ náà ká. Nígbà púpọ̀ ni àwọn ọmọ ilé tí ó gbà wọ́n pàápàá yóò bá wọn lọ.

Ẹ kíyèsí bí a ti to ètò náà: ilé ni ó ṣáájú, ìrìn-àjò ni ó tẹ̀lé e. Ẹni tí ó ti kọ́kọ́ gbé nínú ilé yóò mọ ohun tí òun ń wò nígbà tí ó bá dé ojú ọ̀nà.

Ọ̀kan nínú àwọn tí wọ́n bá ẹgbẹ́ yìí lọ sí Jámánì ní ọdún 1934 ni Sargent Shriver. Ní ọdún 1961, òun ni ó di olórí àkọ́kọ́ fún Peace Corps, ẹgbẹ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà fi ń rán àwọn ènìyàn rẹ̀ lọ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ òkèèrè. Ṣáájú èyí, ní ọdún 1958, àlùfáà aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, James Robinson, ti bẹ̀rẹ̀ ètò Operation Crossroads Africa. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láti Amẹ́ríkà a wá sí Áfíríkà ní àkókò ìsinmi wọn, wọn a bá àwọn ọ̀dọ́ ilẹ̀ wa po amọ̀, wọn a sì bá wọn ru bíríkì láti kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ àti ilé ìwòsàn. Nàìjíríà wà lára àwọn ilẹ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ dé. Ààrẹ Kennedy fúnra rẹ̀ sọ pé ètò Robinson ni ó la ọ̀nà fún Peace Corps.

Ní ọdún 2002, lẹ́yìn ìkọlù tí ó ṣẹlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 11 oṣù kẹsàn-án ọdún 2001, ìjọba ilẹ̀ náà dá ètò mìíràn sílẹ̀ tí a ń pè ní YES. Nípasẹ̀ rẹ̀ ni àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama láti ilẹ̀ púpọ̀, títí kan Nàìjíríà, fi lọ gbé nínú ìdílé Amẹ́ríkà fún ọdún ẹ̀kọ́ kan gbáko. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì láti Amẹ́ríkà pẹ̀lú ti ń wá sí Ilé-Ifẹ̀ àti Ìbàdàn ní ìsinmi wọn láti kọ́ èdè Yorùbá, kì í ṣe láti inú ìwé nìkan, ṣùgbọ́n ní ẹnu àwọn tí ń sọ ọ́ lọ́jà àti nílé.

KÌ Í ṢE OHUN ÀJÈJÌ FÚN WA

Ẹnikẹ́ni tí ó bá rò pé àṣà òyìnbó lásán ni èyí kò ranti bí a ti ń tọ́ ọmọ nílẹ̀ wa. Láti ìgbà àwọn baba wa ni a ti ń mú ọmọ kúrò lábẹ́ ìyá rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn kí ó lè kọ́ ẹ̀kọ́. Ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ a máa gbé lọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀. Púpọ̀ nínú àwọn àgbà Èkìtì tí wọ́n mọ̀wé lónìí sì gbé lọ́dọ̀ olùkọ́ tàbí oníwàásù ní ìlú tí kì í ṣe tiwọn, tí wọ́n pọnmi, tí wọ́n sì gbálẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Àwọn àgbà mọ ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi wí pé, ọmọ tí kò bá dé oko baba ẹlòmíràn rí ni yóò máa sọ pé kò sí oko tí ó tó ti baba òun.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ̀ pẹ̀lú pé kì í ṣe gbogbo ilé ni ó ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀ fún àwọn ọmọ wa. Nígbà tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́, ọmọ Ẹ̀gbá, dé Lọ́ńdọ̀nù láti kọ́ ẹ̀kọ́ òfin, ọ̀pọ̀ onílé ni kì í gba aláwọ̀ dúdú sílé wọn. Ní ọdún 1925, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀, tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti ọdún 1929 sí 1932 ni ó fi rìn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà láti kó owó jọ, ní ọdún 1933 sì ni ẹgbẹ́ náà ṣí ilé tiwọn ní àdúgbò Camden Town ní Lọ́ńdọ̀nù. Ibẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ tí a ti lé lẹ́nu ọ̀nà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè rí ibi gbé orí lé, kí ó sì rí ẹni tí yóò fi èdè rẹ̀ kí i.

Ní ọdún 1950, British Council gba ìtọ́jú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ń ti ilẹ̀ àmọ́nà wá sọ́wọ́. Wọ́n ń pàdé wọn nígbà tí ọkọ̀ òkun bá gúnlẹ̀, wọ́n ń bá wọn wá ilé, wọ́n sì ń ṣètò kí ìdílé òyìnbó pè wọ́n sílé ní àkókò ìsinmi. Ẹni tí ó mọ onílé tí ń gba owó ilé nìkan ní ìlú òyìnbó, ojú onílé nìkan ni ó mọ̀. Ẹni tí a pè jókòó ti tábìlì oúnjẹ ni ó tó mọ ènìyàn ibẹ̀.

OHUN TÍ KÁÀDÌ KAN DÁ SÍLẸ̀ NÍ ÌBÀDÀN

Ìtàn kan wà tí ó yẹ kí gbogbo ẹni tí ń lọ sí ìlú ẹlòmíràn mọ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1961, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Peace Corps tí wọ́n kọ́kọ́ wá sí Nàìjíríà wà ní Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹ̀kọ́ kí a tó pín wọn sí ilé-ẹ̀kọ́ tí wọn yóò ti ṣiṣẹ́ olùkọ́. Ọ̀dọ́bìnrin kan nínú wọn kọ káàdì kékeré kan sí ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ó kọ ọ́ pé ìdọ̀tí àti ìgbé ayé àìlajú tí òun bá níhìn-ín pọ̀ ju ohun tí a múra òun sílẹ̀ fún lọ, àti pé ojú títì ni àwọn ènìyàn ti ń dáná, tí wọ́n ti ń tajà, tí wọ́n sì ti ń ṣe ohun gbogbo.

Káàdì náà bọ́ sílẹ̀ kí ó tó dé ilé ìfìwéránṣẹ́. Akẹ́kọ̀ọ́ kan rí i he, a ṣe ẹ̀dà rẹ̀, a sì pín in káàkiri. Inú bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Wọ́n pe ìpàdé, wọ́n sì béèrè pé kí a lé gbogbo ẹgbẹ́ náà padà. Ọ̀dọ́bìnrin náà tọrọ àforíjì, ó sì padà sí ilẹ̀ rẹ̀ láìṣe iṣẹ́ tí ó torí rẹ̀ wá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò ranti ni pé nínú káàdì kan náà ni ó ti kọ ọ́ pé, nígbà tí ìdágìrì àkọ́kọ́ ti kọjá, òun ń rí èrè nínú wíwà níhìn-ín. Ṣùgbọ́n ta ni yóò ka ìyìn tí ó kẹ́yìn nígbà tí ìwọ̀sí ti ṣáájú rẹ̀?

Ẹ̀kọ́ méjì ni ó wà nínú ọ̀ràn yìí. Èkíní, ẹni tí kò tíì ju ojú títì lọ kò lè kọ ju ohun tí ó rí ní ojú títì. Kò tíì jókòó nínú ilé ẹnikẹ́ni láti mọ bí ìyá ilé ti ń gbọ́n omi tí ó ti ọ̀nà jíjìn wá, tàbí iye ọmọ tí owó àkàrà ojú títì náà ń rán lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Èkejì, ohunkóhun tí àlejò bá kọ nípa ilé tí ó gbà á, kí ó kọ ọ́ bí ẹni pé onílé ni yóò kọ́kọ́ kà á. Lóde òní tí ọmọdé ń fi àwòrán ránṣẹ́ yí ayé ká láti orí fóònù ní ìṣẹ́jú kan, ẹ̀kọ́ yìí tún lágbára ju ti ìgbà náà lọ.

BÍ ỌMỌ WA BÁ Ń LỌ

Kí ọmọ tó gbéra, kí àwọn òbí là á lóye pé ohun tí a kà sí ìwà rere nílé lè ní ìtumọ̀ mìíràn níbẹ̀. Nílẹ̀ wa, bí a bá fi oúnjẹ lọ àlejò, ó lè kọ́kọ́ kọ̀, onílé a sì tún rọ̀ ọ́ títí yóò fi jẹ. Ní ilẹ̀ òyìnbó, bí ọmọ bá wí lẹ́ẹ̀kan pé òun kò fẹ́, a ó gbé oúnjẹ náà kúrò, kì í ṣe nítorí ahun, ṣùgbọ́n nítorí pé wọ́n gbà á gbọ́. Bí ebi bá ń pa á, kí ó sọ bẹ́ẹ̀.

A kì í dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ níbẹ̀. Bí àgbà bá ń bá ọmọ sọ̀rọ̀, wọ́n ń retí kí ó wo ojú òun; ẹni tí ó bá dorí kodò ni wọn yóò rò pé ó ń pa nǹkan mọ́. Bí ìlẹ̀kùn yàrá bá wà ní pípadé, kì í ṣe àmì ìbínú. Kí ó kàn án kí ó tó wọlé. Ọkùnrin àti obìnrin ni ń fọ abọ́, nítorí náà kí ọmọkùnrin má ṣe jókòó kí ó máa wò. Kí ó má sì ṣe yà á lẹ́nu pé ní oṣù kẹfà, oòrùn kì í wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù títí aago mẹ́sàn-án alẹ́ yóò fi kọjá. Aago ni a fi ń mọ àkókò oorun, kì í ṣe òkùnkùn. Kí ó mú aṣọ òtútù dání, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń pe àkókò náà ní ìgbà ooru.

Nígbà tí ojú bá ti mọ́ ọmọ díẹ̀, àárò ilé a máa sọ ọ́. Kí òbí má ṣe máa pè é ní alaalẹ́ kí wọ́n sì máa sunkún sí i létí. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá sọ pé a ń fìyà jẹ òun, tàbí pé ẹnìkan ń hùwà àìtọ́ sí òun, kí ó sọ fún olórí ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Nítorí èyí ni a fi ń rán olórí bá wọn lọ. Ojúṣe rẹ̀ ni láti mú ọmọ kúrò nínú ilé tí kò bá dára.

BÍ ÀLEJÒ BÁ Ń BỌ̀

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́dọ̀ wa nípa àlejò ni pé ọlá tí a ń bù fún un pọ̀ jù. A ó fún un ní yàrá baba, a ó pa adìyẹ, a ó sì gbé àga fún un kí ó jókòó sí ọ̀tọ̀. Fún ọjọ́ mẹ́ta, èyí dára. Ṣùgbọ́n akẹ́kọ̀ọ́ tí ó wá kọ́ bí a ti ń gbé ayé kò lè kọ́ ọ lórí àga. Ẹ jẹ́ kí ó gbá ojúlé, kí ó di ọmọ odó mú, kí ó bá yín lọ sí oko, kí ó sì ru ẹrù tí ó mọ níwọ̀n padà.

Ìsinmi wọn bọ́ sí àkókò òjò tiwa, nígbà tí iṣu tuntun ń jáde. Kò sí ìgbà tí ó dára ju èyí lọ láti fi iyán Èkìtì han àlejò. Ṣùgbọ́n kí ẹ fi ata mọ́ níwọ̀n, kí ẹ sì se omi mímu rẹ̀ kí ó hó dáadáa, nítorí inú rẹ̀ kò tíì mọ omi wa. Kí ó sùn nínú nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn, kí ó sì máa lo oògùn ibà tí dókítà rẹ̀ fún un láìfo ọjọ́ kan. Ara rẹ̀ kò mọ ibà bí tiwa.

Bí ó bá ti kọ́ Yorùbá ní ilé-ẹ̀kọ́, ìró ẹnu Èkìtì yóò kọ́kọ́ rú u lójú. Ẹ má ṣe fi rẹ́rìn-ín. Ẹ sọ fún un pé àwọn méjèèjì ni ó tọ̀nà. Ẹ kọ́ ọ kí ó má fi ọwọ́ òsì gba nǹkan lọ́wọ́ àgbà, kí ó sì gba àṣẹ kí ó tó ya àwòrán ẹnikẹ́ni, pàápàá ní ojúbọ àti níbi eégún. Bí ó bá fẹ́ kí Ajerò, tàbí Alárá, tàbí Aláàyè, kí ó gba ọ̀dọ̀ ìjòyè tí ó yẹ lọ. Ju gbogbo rẹ̀ lọ, kí ẹnikẹ́ni má ṣe bẹ̀ ẹ́ ní owó tàbí kí ó bá òun wá físà. Ìbéèrè bẹ́ẹ̀ a máa sọ ọmọ ilé di oníbàárà, a sì máa ba ọ̀rẹ́ jẹ́.

Nígbà tí àkókò ìrìn-àjò ẹgbẹ́ bá tó, ìhà tiwa kò ṣaláìní ohun tí a lè fi hàn. Ìsun omi gbígbóná àti ìsun omi tútù wà ní Ìkógòsì, tí wọ́n ń ti orísun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ wá, tí wọ́n sì ń pàdé. Níbẹ̀ ni míṣọ́nnárì Onítẹ̀bọmi kan láti Amẹ́ríkà, John McGee, ti kọ́ àgọ́ fún àwọn ọ̀dọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950. Omi Àrìnta ń ti orí àpáta já ní Ìpólé-Ìlórò. Àwọn òkè gíga yí Ẹ̀fọ̀n ká, ìlú tí Agbọnbíọ̀fẹ́ ti gbẹ́ àwọn òpó fún ààfin, gbẹ́nàgbẹ́nà ńlá tí ó kú ní ọdún 1945. Kí ọmọ ilé tí ó gba àlejò bá wọn lọ. Nígbà púpọ̀ ni òun pàápàá kò tíì rí wọn rí.

Ẹ̀TÀN TÍ A GBỌ́DỌ̀ ṢỌ́RA FÚN

Àwọn kan wà tí wọ́n ń lọ láti abúlé dé abúlé, tí wọ́n ń sọ fún òbí pé àwọn yóò mú ọmọ wọn lọ gbé pẹ̀lú ìdílé rere ní òkè-òkun. Ọ̀pọ̀ ọmọ tí a fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ mú lọ ni ó ti di ẹrú nínú ilé àjèjì, tàbí tí a ti fi ṣe òwò ìṣekúṣe. Nítorí ọ̀ràn yìí ni ìjọba àpapọ̀ fi dá àjọ NAPTIP sílẹ̀ ní ọdún 2003, láti gbógun ti òwò ènìyàn.

Ètò tòótọ́ ní àmì tirẹ̀. Orúkọ àti àdírẹ́sì ìdílé tí yóò gba ọmọ a wà lákọọ́lẹ̀ kí ó tó gbéra. Ọjọ́ ìpadàbọ̀ rẹ̀ a wà nínú ìwé. Ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ a mọ̀ sí i, òbí a sì fi ọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda. Ọmọ ni yóò ni ìwé ìrìnnà rẹ̀; ẹni tí ó bá wí pé òun ni yóò máa tọ́jú rẹ̀ títí láé, ẹ sá fún un. Físà kì í ṣe ọjà tí ẹnikẹ́ni lè tà. Ilé iṣẹ́ aṣojú ilẹ̀ náà nìkan ni ó ń fún ni. Ẹni tí ó bá sì wí pé kí ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni, ọ̀rọ̀ náà kò dára, nítorí ohun rere kì í bẹ̀rù kí olùkọ́ àti baálẹ̀ gbọ́.

Bí irú ọ̀rọ̀ yìí bá dé ọ̀dọ̀ yín, kí ẹ kọ́kọ́ gbé ìwé náà lọ sí ọ̀dọ̀ ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ọmọ náà, lẹ́yìn náà kí ẹ lọ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ yín ní Ìjerò, ní Àrámọkọ tàbí ní Ẹ̀fọ̀n. Kí ẹni tí ó mọ̀wé ka gbogbo rẹ̀ sí etí baba àti ìyá papọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó fi ọwọ́ sí i. Bí ọmọ bá sì ti lọ tí ó ti bọ̀, kí ó kọ ìwé ọpẹ́ sí ìdílé tí ó gbà á láàárín ọ̀sẹ̀ kan, kí ó sì wá sí ilé ìkàwé ìlú rẹ̀ láti sọ ohun tí ó rí fún àwọn tí kò lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìrìn-àjò ẹnìkan yóò fi di ẹ̀kọ́ fún gbogbo ìlú.